Ọkọ Márùn-ún Lórí Káàdì Kan

"Ẹ ṣé" tí Tóyọ̀sí sọ ló kọ́kọ́ kó o sí wàhálà.

Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri Ilé Òṣùwọ̀n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn tó tutù bí omi inú àmù sọ fún un pé àwọn kò lè fi kún ìwọ̀n káàdì rẹ̀. Tóyọ̀sí, ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ tọ́ dàgbà, tẹ orúnkún ba, ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ kú iṣẹ́." Kó tó nàró, iná tó yí ojú ẹ̀rọ náà ká ti di pupa. Ẹ̀rọ ti ka ọpẹ́ rẹ̀ sí pé ó fara mọ́ ọn. Ó ti pa fáìlì rẹ̀ dé.

Alàgbà Ọdúntan nìkan ni ẹ̀dá ènìyàn tó ṣẹ́ kù sẹ́nu iṣẹ́ nílé náà. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa fi aṣọ rírọ̀ nu ojú ẹ̀rọ, kó sì máa fún àwọn tó bá wá ní nọ́ńbà lọ. Ó na ọrùn kọjá orí kántà, ó wo Tóyọ̀sí bí ẹni ń wo ọmọ tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ kòtò.

"Ta ló ní kí o dúpẹ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni."

"Ó ti mọ́ ọ lẹ́nu." Bàbá náà mi orí. "Ìwà ọmọlúàbí yìí náà ni yóò pa ẹ̀yin ọmọ yìí tán. Bí wọ́n bá sọ fún ènìyàn pé rárá níbí, ẹnu ló ń pa mọ́. O ò rí ohun tí wọ́n kọ sórí ilẹ̀kùn ni?"

Ó rí i. Gbogbo ará Ẹ̀pẹ́ ló mọ̀ ọ́n, láti ìgbà tí omi ti gba ìsàlẹ̀ ìlú tí gbogbo ènìyàn sì ti kó lọ sí òkè: ỌRỌ̀ ẸNU RẸ NI Ẹ̀RÍ RẸ. Ṣùgbọ́n ta ni í ka ohun tí wọ́n kọ sórí ilẹ̀kùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ bá ti ṣáájú rẹ̀ wọlé?

Alàgbà Ọdúntan bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí kò dọ̀tí lára kántà. Lábẹ́lẹ̀ ló fi ń sọ fún un pé ó ṣì ní ẹ̀bẹ̀ kejì, kó ṣá ti bẹ̀ ẹ́ kí aago mẹ́rin tó lù. Kò sí ẹ̀kẹta. Bí ẹ̀rọ bá kọ ẹ̀bẹ̀ kejì, káàdì yóò kú, ẹni tí káàdì rẹ̀ bá sì ti kú… Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí gíláàsì ńlá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Kò sídìí kí Tóyọ̀sí yíjú. Láti àárọ̀ ni ojú rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Lẹ́yìn gíláàsì náà ni géètì onírin wà, èbúté wà lẹ́yìn géètì, lórí bẹ́ǹṣì kan létí omi ni Gbénró ọkọ rẹ̀ sì jókòó sí, tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó léjìká. Kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ sí ibi tó dúró sí. Ó rí i bó ṣe ń wúkọ́. Ó rí i bó ṣe ń nu ẹnu lẹ́yìn ikọ́ náà, tí yóò gbójú sókè, tí yóò rẹ́rìn-ín sí i, bíi pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdé ni.

Èjìká yẹn ló kọ́kọ́ fẹ́ràn. Géètì ọkọ̀ ojú omi fẹ́ pa dé mọ́ ọn lára lọ́jọ́ náà, nítorí káàdì rẹ̀ pẹ́ kó tó gbóná kí géètì lè mọ̀ ọ́n, gbogbo ènìyàn sì ń sáré kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ló fi èjìká gbé irin náà dúró. Ó ní kó má kánjú, kó rọra kọjá, pé òun lè dúró bẹ́ẹ̀ títí di àjíǹde. Ó kọjá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a kọjá, ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló dúró sí.

Èjìká yẹn náà ni Gbénró gbé lọ mọ odi òkun ní Ìlàjẹ. Ọdún méjì ló fi fa eruku iyọ̀ símú, títí àyà rẹ̀ fi dún bí agolo òfìfo. Wákàtí wákàtí ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ ìmí yáni níbẹ̀, orí káàdì sì ni owó rẹ̀ ti ń jáde. Ojú oorun ni Gbénró wà nínú ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ wálé, pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lójú, nígbà tí káàdì rẹ̀ tán. Géètì kì í sì í ṣí fún ẹni tí káàdì rẹ̀ bá tán. Ibi tí ó bá ti tán mọ́ ọn lára ni yóò dúró sí. Adúró ni wọ́n ń pè wọ́n. Aago mẹ́rin, ọkọ̀ yóò gbé gbogbo adúró lọ sí Erékùṣù Iṣẹ́, kí wọ́n lọ fi agbára san án. Ìyá arúgbó kan ládùúgbò wọn ní ọmọ tó lọ síbẹ̀ tó sì padà dé. Ó ní ọmọ náà mọ orúkọ òun, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tó fi yẹ kó máa rẹ́rìn-ín sí òun.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú Gbénró kọjá géètì yẹn: kí ẹnìkan gbé e sórí káàdì tirẹ̀. Ẹgbẹ̀rún ẹyọ ni gbèsè Gbénró. Irinwó ẹyọ péré ni ìwọ̀n gbèsè tí káàdì Tóyọ̀sí lè gbé.

"Ẹ jẹ́ ká tún bẹ̀ ẹ́, ìyàwó wa," ni ohùn kan sọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àbúrò Gbénró ni, ọmọbìnrin ọdún méjìdínlógún tó tẹ̀ lé e wá láti òwúrọ̀. Mofẹ́tólúwa ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Tóyọ̀sí kò fi ẹnu kan orúkọ náà rí. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ. Ọjọ́ tó wọlé wọn ló ti wo ẹ̀rín ọmọ náà, tó sì fún un ní orúkọ tirẹ̀: Eyínfúnjowó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló tíì pé tí wọ́n fún un ní káàdì. Kò tíì ná ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ó so ó mọ́ ọrùn, ó sì ń gbóná kánkán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni géètì Ìbàdàn yóò ṣí fún un, kó lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ ojú omi tó ti ń lá lálàá láti kékeré.

Tóyọ̀sí padà síwájú ẹ̀rọ. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra, ó ní òun fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ fún òun, nítorí pé òun kò jẹ gbèsè rí, iṣẹ́ òun sì dúró.

Iná náà yí díẹ̀díẹ̀, ó di àwọ̀ òféèfèé.

"A kí yín, Omidan… a tọrọ gáfárà, Ìyáàfin Adéṣọgbà," ni ẹ̀rọ wí. "Iṣẹ́ yín dára. Ìwà yín dára. Àwọn ọkọ yín ni wọ́n ti ná ohun tí à bá fi kún ìwọ̀n yín tán."

"Àwọn ọkọ mi?"

"Ẹ ní ọkọ márùn-ún."

Ẹ̀rín bú nínú gbọ̀ngàn. Obìnrin kan lórí àga ẹ̀yìn ní kí wọ́n jọ̀wọ́ yá òun ní ọ̀kan nínú wọn, pé ẹyọ kan ṣoṣo tí òun ní ti sá lọ. Ẹ̀rọ yí iná rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ó kàn tan iná náà sí i lójú. Ẹ̀rín gbẹ mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, obìnrin náà sì gbé àpò rẹ̀, ó jáde láì dúró de nọ́ńbà rẹ̀.

Ẹ̀rọ wá kà wọ́n. Olúgbénró, ẹni tó wà létí omi. Láyíwọlá, ẹ̀gbọ́n Gbénró tó ń gbé ní Ìbàdàn, tó jẹ gbèsè ilé. Táíwò, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn, tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, tó sì jẹ gbèsè irin. Bùsáyọ̀, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó jẹ gbèsè oògùn.

"Màmá wa?" Tóyọ̀sí kò mọ ìgbà tó dáhùn. "Àbúrò bàbá ọkọ mi nìyẹn. Màmá tí kò léyín kan lẹ́nu."

"Ohùn yín ni a gbọ́," ni ẹ̀rọ wí.

Ohùn tirẹ̀ gan-an ló sì jáde láti inú ògiri, pẹ̀lú ìró ìgbálẹ̀ àti ti àkùkọ àárọ̀: Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa, ọkọ mi? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé omi wá, ọkọ mi. Àárọ̀ kan, àárọ̀ kejì, ẹgbẹ̀rún àárọ̀. Tóyọ̀sí mọ ibi tó ti wá. Etí-ògiri ni. Gbogbo ilé ló ní in, kékeré bíi bọ́tìnnì lókè ilẹ̀kùn. Ilé tí kò bá fi í sí i kì í rí iná lò. Ó ti pẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

"Àṣà wa ni," ni Tóyọ̀sí wí. Ó ṣàlàyé bó ṣe lè ṣe é: pé gbogbo ọmọ ilé ọkọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọkọ ìyàwó ni wọ́n; pé ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni; pé ọkùnrin kan ṣoṣo ni òun fẹ́ láyé yìí, tí òun bá sì tún ayé wá, òun náà ni òun yóò tún fẹ́.

Ẹ̀rọ gbọ́ ọ parí. "Nígbà náà, nílé ni ẹ ti ń parọ́, àbí níbí? Bó bá jẹ́ nílé, ẹgbẹ̀rún irọ́ wà lọ́rùn yín, a ó pa káàdì yín. Bí kò bá jẹ́ irọ́, ọkọ yín ni wọ́n, gbèsè wọn sì ni gbèsè yín."

Alàgbà Ọdúntan kò nu kántà mọ́. "Ohun tí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ yìí ló mọ̀," ló ń sọ fún aṣọ tó dì mọ́wọ́. "Wọ́n kọ́ ọ ní ọkọ. Wọn ò kọ́ ọ ní ilé ọkọ."

"Ọ̀nà kan wà," ni ẹ̀rọ tún wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ débi pé ó dà bí ohùn ẹni tó ń fẹ́ni. "Ọkọ yín karùn-ún kò tíì ná nǹkan kan. Mofẹ́tólúwa Adéṣọgbà, ó dúró sápá ọ̀tún yín. Bí ẹ bá pè é ní ọkọ yín níwájú wa, tí òun náà gbọ́, tí kò sì sẹ́ títí a ó fi ka ẹ̀wá, a ó bù lára ìwọ̀n rẹ̀ kún tiyín. Olúgbénró yóò kọjá. Mofẹ́tólúwa yóò dúró."

Ọmọ náà ti la ẹnu kí ẹ̀rọ tó sọ tán. "Ẹ pè mí," ló wí. "Ìyàwó wa, ẹ pè mí. Ojoojúmọ́ náà lẹ ń pè mí bẹ́ẹ̀."

Tóyọ̀sí wo gíláàsì. Gbénró ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. Kò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ó rí àbúrò rẹ̀, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ irú ilé tí Ilé Òṣùwọ̀n jẹ́. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí, rárá, rárá, bó ti ń wúkọ́. Ní àná, nígbà tí wọ́n ṣì gbà á láyè kó ránṣẹ́ ohùn, ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Olólùfẹ́ mi, bí n kò bá bọ̀, máa rántí mi. Ṣùgbọ́n má fi ẹlòmíràn rọ́pò mi létí omi yìí."

Ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí aago mẹ́rin tó lù.

Ọkàn Tóyọ̀sí ya sí méjì. Apá kan ń pariwo pé, sọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì péré ni, èjìká yẹn yóò sì wà lórí ẹní rẹ lálẹ́ òní. Apá kejì ń wo ọrùn ọmọdébìnrin yìí, níbi tí káàdì rẹ̀ ti ń gbóná. Ó ronú nípa ọmọ arúgbó yẹn tí kò mọ ìdí ẹ̀rín mọ́. Ó wo eyín ọmọ náà. Òun ló sọ eyín wọ̀nyẹn lórúkọ.

Kò sí ìfẹ́ tí a lè fi ẹ̀rín ọmọ ọlọ́mọ rà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀ pinpin, ó fa Eyínfúnjowó lápá, ó sì kọjú sí ọ̀nà àbájáde. Kò wo gíláàsì mọ́, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá wò ó, ọwọ́ òun yóò já kúrò lẹ́nu.

Ọmọ náà ń fà sẹ́yìn. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ìyá kan náà ló bí àwọn, pé Ìbàdàn kò ní sá lọ, òun yóò ṣì bá a níbẹ̀. Tóyọ̀sí ń fà á lọ. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kántà, Alàgbà Ọdúntan sì tẹ orí ba fún un bí ẹni ń kí òkú. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Omijé ti bo ojú ọmọ náà, kò rí àtẹ̀gùn tó ga díẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹsẹ̀ kọ, ó ta gọ̀ọ̀gọ̀ọ̀, ó fẹ́ ṣubú.

"Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi," ni Tóyọ̀sí wí.

Ẹnu rẹ̀ ló sọ ọ́. Ọwọ́ tó fi ń bo ẹnu ló fi gbá ọmọ náà mú.

Lẹ́yìn wọn, iná ẹ̀rọ di àwọ̀ ewé.

"A ti gbọ́," ni ohùn tútù náà wí. "Ení. Èjì."

Tóyọ̀sí di ọmọ náà léjìká méjèèjì mú. Ó ní kó sẹ́, kó sọ pé òun kọ́, kó sọ pé irọ́ ni, kó sọ ohunkóhun. Eyínfúnjowó wò ó. Omijé náà ti dá.

"Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún."

"Mofẹ́tólúwa!"

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe orúkọ náà láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn. Ó dún lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ àjèjì. Ọmọ náà gbọ̀n díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi omi wọ́n. Ó pa ètè rẹ̀ pọ̀, ó wá rọra rẹ́rìn-ín, gbogbo eyín funfun náà sì yọ. Kò sọ nǹkan kan.

"Ẹ̀fà. Èje. Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán." Ẹ̀rọ sinmi díẹ̀. "Ẹ̀wá. Ẹ ṣé."

Fáìlì pa dé.

Káàdì ọrùn Tóyọ̀sí gbóná lójijì débi pé ó jó o láyà. Ó na ọwọ́ sí ti Eyínfúnjowó. Ó ti tutù bí ẹja. Ilẹ̀kùn tí wọ́n fẹ́ gbà jáde ṣí fún Tóyọ̀sí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó pa dé níwájú rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ilẹ̀kùn ilé àgbà tí a kì í gbá gbà-à. Ilẹ̀kùn mìíràn ṣí lẹ́yìn, èyí tó dojú kọ omi. Eyínfúnjowó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í. Ó yọ gèlè orí rẹ̀, ó nà án sí Alàgbà Ọdúntan pé kó bá òun fún ìyàwó òun, nítorí atẹ́gùn orí omi yóò gbé e lọ. Ó sì rìn lọ.

Ìta ni Tóyọ̀sí wà nígbà tí géètì ẹ̀gbẹ́ ṣí tí Gbénró sì jáde. Ó rù díẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká náà ṣì ni. Géètì mìíràn ni wọ́n mú un gbà. Kò rí ẹni tó wọlé bó ti ń jáde. Ó rò pé ẹ̀bẹ̀ ló wọlé, pé ẹ̀rọ fi ojú àánú wò wọ́n. Ó gbá Tóyọ̀sí mọ́ra, ó fi àgbọ̀n lé e lórí bó ti máa ń ṣe, ìmí rẹ̀ sì ń súfèé nínú àyà.

"Ìyàwó mi," ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ kí ikọ́ má bàa gbé e. "Láti ọjọ́ mélòó! O ò tilẹ̀ ní kí ọkọ rẹ?"

Tóyọ̀sí la ẹnu.

Lókè ẹnu ọ̀nà, lórí wọn, iná Etí-ògiri kan, kékeré bíi bọ́tìnnì, tàn, àwọ̀ ewé. Ó ń retí.

Ó pa ẹnu náà dé. Aago mẹ́rin lù. Ọkọ̀ fọn fèrè létí omi, fèrè gígùn kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn kúrò lẹ́bàá èbúté. Gbénró wò yíká, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀.

"Mofẹ́ ńkọ́? Ṣebí ẹ̀yin méjèèjì ni mo rí nínú gíláàsì."

Ó fi ìka kan lé ètè rẹ̀ pé kó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ kejì di èjìká náà mú, èjìká tó gbé irin dúró fún un lọ́jọ́ kìíní, ó sì rọra yí i sí ọ̀nà omi.